Àrùn Ọpọlọ àti Àìsàn Ara: Bí A Ṣe Lè Dá Wọn Mọ̀, Kí A Sì Tọ́jú Wọn Pọ̀

(Àròkọ Alálàyé)

Ìlapa èrò
1. Ìfáàrà: ìtìjú tí ó máa ń bo àrùn ọpọlọ mọ́lẹ̀
2. Ohun tí àrùn ọpọlọ jẹ́, àti àwọn àmì rẹ̀
3. Àìsàn ara tí ó máa ń jọ wèrè
4. Àìsàn ọkàn tí ó máa ń gba ara sọ̀rọ̀
5. Ìtọ́jú: àpẹẹrẹ Arò ní Abẹ́òkúta
6. Ìgúnlẹ̀

Àròkọ náà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ." Bí wèrè bá ń jó láàrin ọjà, àwọn ènìyàn a máa pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọdé a sì máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn; ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ ìyá ẹni ni, ẹ̀rín a di ẹkún. Ìtìjú yìí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé máa fi àrùn ọpọlọ pamọ́ títí apá kò fi ní í ká a mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọ nínú àròkọ yìí ni pé àrùn ọpọlọ jẹ́ àìsàn gẹ́gẹ́ bí ibà àti ikọ́ ife ti jẹ́ àìsàn. Pé òun àti àìsàn ara sábà máa ń rìn pọ̀. Àti pé ẹni tí ó bá tọ́jú ọ̀kan tí ó pa èkejì tì kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Kí ni à ń pè ní àrùn ọpọlọ? Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí ó wọ àkísà, tí ó ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì, ni ó máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Òótọ́ ni pé ìyẹn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Ìbànújẹ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀, àníyàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn fojú kan oorun, ìfura tí kò nídìí, ọtí tàbí igbó tí ó ti di bárakú, gbogbo wọn ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn baba wa náà kò ṣaláìmọ̀ pé oríṣiríṣi ni. Wọ́n mọ abísínwín, ìyẹn ìsínwín tí ó máa ń kọlu obìnrin láìpẹ́ lẹ́yìn tí ó bá bímọ, wọ́n sì fún un ní orúkọ tirẹ̀. Ìwé òfin Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1948, sọ ọ́ pé ìlera kì í ṣe pé kí àrùn má sí lára ènìyàn nìkan. Ó ní láti jẹ́ pé ara rẹ̀ dá, ọkàn rẹ̀ dá, ìbágbépọ̀ òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì dára.

Ọ̀nà wo wá ni ìwọ yóò fi dá àrùn ọpọlọ mọ̀? Lọ́nà kìíní, wo ìyípadà nínú ìwà. Ẹni tí ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹni tí ó mọ́ tónítóní lè dẹ́kun ìwẹ̀. Lọ́nà kejì, wo oorun àti oúnjẹ rẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Lọ́nà kẹta, fetí sí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó lè sọ pé òun ń gbọ́ ohùn níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, tàbí pé àwọn kan ń ṣọ́ òun kiri. Ó sì lè máa sọ pé òun kò wúlò fún nǹkankan mọ́. Rántí pé àmì kan ṣoṣo kò tó láti fi pe ẹnikẹ́ni ní aláìsàn. Ta ni kì í banú jẹ́ nígbà tí òkú bá kú? Ohun tí ó yẹ kí o wò ni bí ìyípadà náà ti pọ̀ tó, bí ó ti pẹ́ tó, àti bí ó ti dí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ tó. Bí ìbànújẹ́ bá wà lára ènìyàn ní ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí kò lè ṣiṣẹ́, tí kò lè jẹun, ó ti tó ohun tí à ń sọ fún dókítà.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí á wo bí àìsàn ara ṣe máa ń jọ wèrè. Ká sọ pé ọmọ ọdún méje kan lọ sùn pẹ̀lú orí fífọ́. Nígbà tí ó di ọ̀gànjọ́ òru, ara rẹ̀ gbóná bí iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó ń nawọ́ sí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, kò sì mọ ìyá rẹ̀ mọ́. Bí àwọn ará ilé bá ní ayé ló ń ṣe é, tí wọ́n dè é mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń wá ẹni tí ó ń wo wèrè kiri, ilẹ̀ lè má mọ́ bá ọmọ náà. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà lè dé ọpọlọ, wákàtí díẹ̀ sì ni ó lè fi pa ọmọdé. Yírùnyírùn náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀, ibà taifọ́ọ̀dù náà a sì máa mú kí ènìyàn sọ ìsọkúsọ. Nítorí náà, fi èyí sọ́kàn: ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú lójijì, tí ara rẹ̀ sì gbóná, ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dúró de ọ̀la.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti alátọ̀gbẹ tí ó lo oògùn rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò jẹun. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òógùn yóò bò ó, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, yóò sì máa ṣe ràdàràdà bí ọ̀mùtí. Bí ó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, omi tí a po ṣúgà sí lè dá iyè rẹ̀ padà kí ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wo abísínwín pẹ̀lú. Obìnrin tí ó bímọ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sẹ́yìn, tí kò sùn, tí ó ń fura sí ọkọ rẹ̀, tí ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun, kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe ìyá búburú. Dókítà yóò yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ó ní ibà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, yóò sì fún un ní oògùn ọpọlọ pẹ̀lú. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ òun àti ọmọ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí a bá tètè tọ́jú wọn, púpọ̀ nínú irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ni ara wọn máa ń yá pátápátá.

Ó yẹ kí n fi wárápá kún un. Ọpọlọ ni àìsàn yìí ti ń wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe wèrè, kì í sì í ràn. Itọ́ tàbí ìfófòó ẹnu ẹni tí ó dá kú kò lè kó o bá ọ. Nítorí pé àwọn ènìyàn kò mọ èyí, wọn a máa sá fún aláìsàn nígbà tí ó bá ṣubú lẹ́bàá iná tàbí lẹ́bàá odò, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà náà gan-an ni ó nílò ọwọ́ tí yóò fà á kúrò nínú ewu. Oògùn tí a bá ń lò déédéé máa ń dá gìrì náà dúró lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn.

Gẹ́gẹ́ bí àìsàn ara ti ń gbé agbádá wèrè wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn ọkàn máa ń gba ara sọ̀rọ̀. Àpẹẹrẹ tí ó kan ìwọ tí o ń múra ìdánwò ni mo fẹ́ fún ọ. Ní 1960, Dókítà Raymond Prince, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Arò ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Orí wọn ń gbóná tàbí kí ó máa dùn wọ́n, ojú wọn ń ṣe bàìbàì, ohun tí wọ́n sì kà kò yé wọn mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ìwé àkàjù ni ó fà á, wọ́n sì ń pè é ní brain fag. Ẹlòmíràn yóò gbé orí gbígbóná yìí lọ sí ọ̀dọ̀ olóògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀rù ìdánwò ń ba òun, pé gbogbo ẹbí ni ó dá owó ilé-ìwé òun, àti pé òun kò mọ ojú tí òun yóò fi wò wọ́n bí òun bá kùnà. Bí irú rẹ̀ bá ń ṣe ọ́, jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, nítorí ibà lè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n sọ ti ọkàn rẹ pẹ̀lú. Má ṣe máa jẹ obì tàbí mu kọfí láti fi lé oorun lọ ní òròòru. Orí tí kò sùn kì í gba ẹ̀kọ́.

Àìsàn tí ó pẹ́ lára náà a máa bí àìsàn ọkàn. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lè sọ ìrètí nù. Ẹni tí ó ní ikọ́ ife, tí ó yẹ kí ó lo oògùn fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, lè dá a dúró ní oṣù kejì nítorí pé ayé ti sú u. Nọ́ọ̀sì tí ó bá ń bá a wí pé olórí kunkun ni kò tíì rí àìsàn kejì tí ó ń ba iṣẹ́ oògùn ti àkọ́kọ́ jẹ́. Ní ìdà kejì, ẹni tí a ti mọ̀ sí alárùn ọpọlọ lè máa ké pé inú ń run òun, kí gbogbo ilé sì máa wí pé wèrè rẹ̀ ló tún dé. Ìfun tí ó ń dá egbò sí kò mọ ẹni tí ó ya wèrè yàtọ̀ sí ẹni tí orí rẹ̀ pé. Àwọn oògùn ọpọlọ kan sì wà tí wọ́n máa ń mú kí ènìyàn sanra, tí wọ́n sì lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ gòkè, nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a máa yẹ ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò lóòrèkóòrè.

Ìtọ́jú wo ni ó wà? Ní 1907 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilé àwọn wèrè sí Yábàá ní Èkó, ṣùgbọ́n ìpamọ́ ju ìtọ́jú lọ níbẹ̀ nígbà náà. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn ní Arò. Kàkà kí ó ti gbogbo aláìsàn mọ́lé, ó ṣètò kí àwọn kan máa gbé láàrin àwọn ará abúlé tí ó wà ní àyíká ilé-ìwòsàn, kí ìbátan wọn kan sì wà pẹ̀lú wọn láti máa dáná àti láti máa fọṣọ fún wọn. Wọn a lọ gba ìtọ́jú ní ilé-ìwòsàn, wọn a sì padà sí abúlé. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá mọ́ iṣẹ́ náà, nítorí ó mọ̀ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Lẹ́yìn náà ni ó di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé, láti 1973 títí di 1988.

Àwọn oníṣègùn wa ti ń fi egbò asofẹ́yẹjẹ wo wèrè tipẹ́. Nínú egbò náà ni èròjà tí à ń pè ní reserpine wà, èyí tí àwọn dókítà lò ní àwọn ọdún 1950 fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún àrùn ọpọlọ. O rí i pé egbò kan náà ń kan ara, ó ń kan ọpọlọ. Ṣùgbọ́n bí a kò bá wọ̀n ọ́n, ó lè fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wálẹ̀ jù, ó sì lè mú ìrẹ̀wẹ̀sì bá a. Nítorí náà, má ṣe da àgbo pọ̀ mọ́ oògùn ilé-ìwòsàn láìsọ fún dókítà.

Lónìí, oògùn oníhóró wà, abẹ́rẹ́ wà, ìjíròrò pẹ̀lú àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ sì wà. Ẹ̀wọ̀n àti pàṣán kò sí nínú ìtọ́jú. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun nípa ìlera ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin àwọn wèrè ti 1958. Iṣẹ́ tìrẹ ni pé kí o bá aláìsàn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí o tẹ̀ lé e lọ sí ilé-ìwòsàn, kí o sì rí i pé ó ń lo oògùn rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá sọ fún ọ pé ayé sú òun, má ṣe fi ṣẹ̀fẹ̀, má sì ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Pe òbí tàbí olùkọ́ lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ bẹ̀ ọ́ pé kí o má sọ ọ́.

Ní ìparí, láti kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni í máa ń gbà. A ti rí i pé ibà lè jọ wèrè, pé ìbẹ̀rù lè jọ ibà, àti pé àwọn méjèèjì lè bára wọn gbé nínú ara ẹnìkan ṣoṣo. Nígbà tí ara ẹnikẹ́ni nínú ilé yín kò bá dá, má ṣe béèrè ibi tí ó ń dùn ún nìkan. Béèrè bí ó ṣe sùn pẹ̀lú, àti ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.