Torí ọmọ, Akin ní kí àbúrò ẹ̀ bá ìyàwó òun sùn!

Bó bá jẹ́ pé Ojú-Ọrẹ, l'Ọ́tà, lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ni, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ń dúró de mọ́tò níbẹ̀ láàárọ̀ ì bá ti sọ ọ́ dé ẹnu iṣẹ́ kílẹ̀ tó mọ́ tán. Ṣùgbọ́n inú ìwé ìtàn àròsọ ló wà. Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ ló kọ ọ́, Iléṣà ló fi ìtàn náà sí. Stay With Me lorúkọ ìwé ọ̀hún, ọdún 2017 ló jáde, wọ́n sì dárúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn tó kù kẹ́yìn fún ẹ̀bùn Baileys ní London lọ́dún yẹn.

Yunifásítì Ifẹ̀ ni Yéjídé, onídìrí, àti Akin ti pàdé. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn dọ́ba, wọ́n sì jọ ṣàdéhùn pé kò ní í sí orogún. Ọdún mẹ́rin kọjá, kò sọ́mọ. Lọ́jọ́ kan làwọn ẹbí mú Fúnmi wọlé, wọ́n ní ìyàwó kejì nìyẹn. Akin ti mọ̀ sí i tẹ́lẹ̀!

Ọ̀rọ̀ náà dun Yéjídé dé egungun. Ọjọ́ tí ìyá ẹ̀ bí i nìyá náà kú, àárín àwọn ìyàwó bàbá ẹ̀ ló dàgbà sí, kò sẹ́ni tó kà á sí ọmọ tiẹ̀. Ìyá Akin, Mọ́ọ̀mi, ló rò pé òun padà rí ní ìyá, àfi bí ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe dà wọ́n rú.

Bẹ́ẹ̀, ara Akin gan-an ni wàhálà wà: nǹkan ọkùnrin ẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Dípò kó jẹ́wọ́, Dọ̀tun àbúrò ẹ̀ ló lọ bẹ̀ pé kó wá fún ìyàwó òun lóyún. Yéjídé ò mọ̀ pé ọkọ òun ló ṣètò ẹ̀. Ikú tó ń pani, inú ilé ló kúkú wà.

Ọmọ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ọlámidé kú, fòní-kú-fọ̀la-dìde sì tún mú Ṣẹ́san lọ. Ìkẹta ni wọ́n sọ ní Rótìmí: dúró tì mí.

Àìsàn yẹn kì í ṣe àròsọ o. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní in jù láyé. Bí tọkọtaya bá jẹ́ AS, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kọ́mọ náà jẹ́ SS.

Ẹ̀yin ọkọ, bí ọmọ ò bá tètè dé, ẹ̀yin àtìyàwó yín ni kẹ́ ẹ jọ lọ síléewòsàn. Ìtìjú tí Akin ń sá fún, ṣé kò ba ilé ẹ̀ jẹ́ ju ohun tí ì bá jẹ́wọ́ lọ?