Ta ni ó ń ṣọ́ aboyún ní òru?

Bí obìnrin bá bímọ, «Ẹ kú ewu ọmọ» ni a máa ń kí i. Àwọn àgbà tí wọ́n fi ìkíni yìí lélẹ̀ mọ ohun tí wọ́n rí. Ìwádìí tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2017 sí 2018 fi hàn pé ìyá 391 ni ó ń kú nítorí oyún tàbí ìbímọ nínú gbogbo 100 000 ọmọ tí a bí láàyè. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ lọ́nà mìíràn: bí a bá bí ẹgbẹ̀rún kan ọmọ, ìyá bíi mẹ́rin ni kì í padà sílé.

Ewu yìí kò mọ ọ̀sán, kò mọ òru. Bí aboyún bá dé ilé ìwòsàn ńlá ní Kútọnu ní agogo méjì òru, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rí. Agbẹ̀bí ni, àti dókítà kan tí ó ṣì kéré lójú, tí oorun wà lójú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ojú ọmọdé wò ó. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fún bí ọdún méje, ó sì ti gba oyè dókítà. Lẹ́yìn náà ni ó tún padà wá di ọmọ iṣẹ́, kí ó lè di onímọ̀ àkànṣe nípa ìbímọ àti àrùn obìnrin. Ẹ̀kọ́ kejì yìí kì í dín ní ọdún mẹ́rin. D.E.S. ni orúkọ ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń lépa, orúkọ yìí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ sì fi ń pe àwọn dókítà wọ̀nyí.

Yunifásítì Abomey-Calavi, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1970, ni ó ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ gan-an ni ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, ní ilé ìwòsàn CNHU àti ní ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ti Lagune, ní Kútọnu.

Ẹni tí ó bá ti kọ́ iṣẹ́ aránṣọ rí yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. A kì í gbé aṣọ oníbàárà lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kí ó gé e. Dókítà náà yóò kọ́kọ́ dúró wo ọ̀gá rẹ̀. Yóò bá a di nǹkan mú níbi iṣẹ́ abẹ. Yóò rán ojú ọgbẹ́ lójú ọ̀gá. Ó pẹ́ kí ó tó di ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ abẹ nígbà tí ọ̀gá wà ní yàrá kejì.

Síbẹ̀, lójú tèmi, lílo abẹ kọ́ ni ó ṣòro jù. Mímọ ìgbà tí ó yẹ kí a lò ó ni. Ìwé kan wà fún èyí tí a ń pè ní pátógíráàmù. Ní ọdún 1972, dókítà Philpott àti Castle gbé ìlà méjì kalẹ̀ sórí rẹ̀, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Sìmbábúè lónìí. Wọ́n gbà nígbà náà pé bí obìnrin bá ti ń rọbí gidi, ó yẹ kí ẹnu ilé-ọmọ máa ṣí ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan ní wákàtí kan. Bí ó bá lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmì tí a ń kọ yóò kọjá ìlà àkọ́kọ́, ìyẹn ìlà ìkìlọ̀. Ìlà kejì fi wákàtí mẹ́rin jìnnà sí i. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀, a gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nítorí àwọn agbẹ̀bí tí wọ́n wà ní ibi tí ó jìnnà sí ilé ìwòsàn ni a ṣe ṣe é, kí wọ́n lè tètè mọ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n gbé lọ. Ẹni tí ó bá mọ nọ́mbà kà lè lóye rẹ̀. Ẹni tí ó bá yára jù sí abẹ, ó ti fi àpá sílẹ̀ nínú ilé-ọmọ, àpá tí ó lè ya nínú oyún mìíràn. Ẹni tí ó bá sì pẹ́ jù lè pàdánù ìyá àti ọmọ.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ̀jẹ̀ tí ó dà lẹ́yìn ìbímọ bá tó ìdajì lítà, ọ̀rọ̀ ti di kíá. Ọwọ́ kan yóò máa fọwọ́ ra ikùn kí ilé-ọmọ lè le. Ẹlòmíràn yóò fún ìyá ní abẹ́rẹ́. A ó yẹ ibi ọmọ wò bóyá ó pé, a ó sì wá ẹ̀jẹ̀ tí a ó fà sí i lára. Dókítà tí ń tijú láti jí ọ̀gá rẹ̀ ní irú àkókò yìí léwu ju èyí tí kò mọ iṣẹ́ lọ.

Ní òwúrọ̀, gbogbo wọn yóò péjọ. Ẹni tí ó ṣọ́ òru yóò dìde sọ ohun tí ó ṣe, àwọn àgbà yóò sì bi í léèrè: kí ló dé tí o fi dúró tó bẹ́ẹ̀?

Àwọn ìyá àgbà máa ń sọ pé: «Ṣé orí ọmọ mi ni wọn yóò ti kọ́ iṣẹ́?» Ìbéèrè náà tọ́. Ẹ béèrè orúkọ dókítà náà. Ẹ béèrè ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta bá fẹ́ yẹ obìnrin kan wò lẹ́ẹ̀kan náà, ó yẹ kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì lè sọ pé rárá.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2009, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí san 100 000 fáráǹ sẹ́fà fún ilé ìwòsàn tí ó bá ṣe iṣẹ́ abẹ ìbímọ, kí ẹbí má baà san án. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n owó kò lè di abẹ mú. Láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kútọnu lé ní 200 kìlómítà. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn wà ní Parakou pẹ̀lú, èyí sì mú ìmọ̀ sún mọ́ àríwá díẹ̀. A lè bẹ dókítà pé kí ó wá gbé lọ́dọ̀ wa, kí a sì kọ́ ọ ní Yorùbá tí yóò fi bá aboyún sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi ọdún mọ́kànlá kọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ náà ní ibi tí iná ti ń kú ní àárín iṣẹ́ abẹ, tí kò sì sí ẹ̀jẹ̀ kankan nínú fìríìjì.