Nígbà tí Ara Bá Dojú Ìjà Kọ Ara Rẹ̀

Ìdílé tí kò mọ ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra kò pọ̀ láàrin wa. Ní 2024, àgbàlagbà tí ó ní i lágbàáyé tó mílíọ̀nù 589, èyí tíí ṣe bí ẹnì kan nínú mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n oríṣi rẹ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ pa pọ̀ mọ́ ti àgbà. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni ó sábà máa ń mú: àwọn ọmọ-ogun tí Ẹlẹ́dàá fi sínú ẹ̀jẹ̀ láti bá kòkòrò àrùn jà yóò ṣìnà, wọn yóò sì pa ibi tí ara ti ń ṣe insulin run.

Ọ̀kan náà ni ìpìlẹ̀ lupus, tí ń ba awọ ara, oríkèé àti kíndìnrín jẹ́. Nínú ẹni mẹ́wàá tí ó ní i, bí mẹ́sàn-án jẹ́ obìnrin. Ní 1968, Dókítà Brian Greenwood, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, kọ̀wé pé irú àrùn wọ̀nyí ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ó rò pé bóyá ibà àti aràn ni kò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Èrò náà kò tí ì kú. Síbẹ̀, ní 2009, àwọn dókítà oríkèé ní Èkó ròyìn aláìsàn lupus tí ó ju 60 lọ. Ní tiwa, a gbà pé àìmọ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tí a pè ní ṣíṣọ̀wọ́n. Obìnrin tí oríkèé ń ro, tí irun ń re, tí ara rẹ̀ ń gbóná: ta ni kò ní kọ́kọ́ fún un ní oògùn ibà? Ẹlòmíràn a tilẹ̀ ní ọ̀tá ni.

Ti ọmọdé ni ó ń kọ wá lóminú jù. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ ṣáá, tí ń tọrọ àyè láti lọ tọ̀ lemọ́lemọ́ (olùkọ́ a sì rò pé iṣẹ́ ni ó ń sá), tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn, tí ó ń rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí a tó kọ́kọ́ fi insulin tọ́jú ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan ní Toronto ní 1922, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kú. Àwa tí a ń gbàdúrà fún aláìsàn ni a ń sọ ọ́: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ààwẹ̀ lé e lórí, kí ẹnikẹ́ni má sì ní kí ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ láti fi ìgbàgbọ́ hàn. Bí ó bá ń gbé nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ẹ sọ fún olùtọ́jú ilé, kí ó lè bá a wá ibi tútù tí insulin rẹ̀ yóò máa wà.