Kọ̀ǹpútà méjì nínú ilé kan ò gbọ́ra wọn yé, owó dátà ló ń jẹ́!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Lekki títí dé Ajah, ọ̀rọ̀ yín ló délẹ̀ yìí o. Ilé tó pọ̀ ní Badore, Sangotedo, Ikota àti Jakande, kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀ ti kúrò ní ẹyọ kan. Ti baba wà ní yàrá, ti ìyá wà ní pálọ̀, ti ọmọ wà lórí tábìlì oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí baba bá fẹ́ fi fídíò ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ìyàwó ẹ̀, WhatsApp ló máa gbé e gbà. Ọ̀rọ̀ ohun tí à ń wá lọ sí Sokoto tó wà lápò ṣòkòtò ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bí fídíò náà bá jẹ́ gíìgì 2, gíìgì 2 ni baba máa jó láti fi í ránṣẹ́, ìyàwó náà á jó gíìgì 2 láti gbà á. Gíìgì 4 ti lọ nìyẹn, nítorí nǹkan tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ! Ẹ sì rántí pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó ìpè àti dátà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀, nẹ́tíwọọ̀kì inú ilé ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ méjì ni ráútà yín ń ṣe: ó ń mú íntánẹ́ẹ̀tì wọlé láti ìta, ó sì ń so àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé pọ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá dákú, ìkejì ṣì lè máa ṣiṣẹ́. Ní March 14, 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, MainOne, WACS, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lápá Abidjan, gbogbo ìlú sì ń pariwo pé kò sí nẹ́tíwọọ̀kì, àwọn báńkì pàápàá ń ké. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹni tó bá ti so kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀ pọ̀ lè gbé fáìlì láti yàrá lọ sí pálọ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Kí ló wá dé tí wọn ò rí ara wọn?

Àkọ́kọ́, ẹ wò ó bóyá orí Wi-Fi kan náà ni wọ́n wà. Bí ọ̀kan bá wà lórí ráútà, tí èkejì wà lórí hotspot fóònù, wọn ò lè ríra. Wi-Fi tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ fún àlejò náà ńkọ́? Ó sábà máa ń dínà mọ́ kọ̀ǹpútà tó bá wà lórí ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó bá sì ti sùn, ẹ jí i; ẹni tó sùn kì í dáhùn.

Èkejì, ọ̀rọ̀ iná wa tí kì í dúró. Bí iná bá lọ tó tún dé, ráútà lè pín nọ́ńbà tuntun fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó há nọ́ńbà àná sórí, bíi 192.168.1.5, lè máa kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Orúkọ kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ máa fi pè é, kì í ṣe nọ́ńbà.

Ẹ̀kẹta ló ń mú èèyàn jù. Windows ní ojú méjì: "Public" fún ojú ọjà, "Private" fún inú ilé. Bó bá wà ní "Public", kọ̀ǹpútà yín á fara pamọ́. Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ "Network & internet", ẹ wá orúkọ Wi-Fi yín, kẹ́ ẹ yí i sí "Private". Lẹ́yìn náà, ẹ tan "Network discovery" àti "File and printer sharing" sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì.

Ẹ̀kẹrin, páswọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà PIN tẹ́ ẹ fi ń ṣí kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ò wúlò níbí. Páswọ́ọ̀dù àkáǹtì tó wà lórí kọ̀ǹpútà kejì gangan ló ń bèèrè.

Ẹ̀karùn-ún, kọ̀ǹpútà àtijọ́. Àwọn ògbólógbòó kan ò gbọ́ ju èdè kan tó ń jẹ́ SMB1 lọ. Ihò ara SMB1 yìí ni kòkòrò WannaCry gbà wọlé ní May 12, 2017, tó ti fáìlì àwọn èèyàn pa ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, tó ní kí wọ́n wá sanwó ìtúsílẹ̀. Láti ìparí ọdún náà ni Microsoft ti yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí Windows tuntun ń bá wá. Bí oníṣẹ́ kan bá ní òun fẹ́ tan SMB1 padà fún yín, ẹ ní kó máa lọ. Flash lẹ máa fi gbé ti kọ̀ǹpútà yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń lo ráútà kan pẹ̀lú ayálégbé míì, ẹ gbọ́ tiyín lọ́tọ̀. Inú ọjà lẹ wà yẹn o! Ẹ fi tiyín sí "Public", ẹ má ṣí fáìlì sílẹ̀ fún "Everyone", kẹ́ ẹ má sì yọ páswọ́ọ̀dù nítorí ìrọ̀rùn. Ìwé báńkì yín àti fọ́tò ọmọ yín lè di ohun tí ọmọ aládùúgbò ń wò lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹni márààrún ò ní gbà ju wákàtí kan lọ. Owó dátà tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra ẹja ní Ajah.