Ìrora ojúgun: Ẹni tó ń fi ẹrù rìn kò gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀

Lọ́dún 1855, dókítà ológun kan nílẹ̀ Prọ́ṣíà, Breithaupt, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń da àwọn ọmọ ogun láàmú. Bí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tára wọn le koko bá rin ìrìn ọ̀nà jíjìn tẹrùtẹrù, ẹsẹ̀ wọn yóò wú, wọn yóò sì máa tiro. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Ìgbà tí X-ray dé, lọ́dún 1897, ni àṣírí tú: egungun ẹsẹ̀ wọn ló ti sán.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí egungun àtẹ́lẹsẹ̀ náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ojúgun. Lónìí, kì í ṣe ológun nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn èèyàn ń di irin tàbí iyanrìn sínú báàgì, wọ́n ń gbé e kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n sì ń fi í rìn kí ara wọn lè jí pépé.

Egungun kì í ṣe igi gbígbẹ, ohun alààyè ni. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ fún un, ara á kọ́kọ́ wó èyí tó ti gbó níbẹ̀ kó tó mọ tuntun, bí ìgbà tí bíríkìlà ń tún ògiri ṣe. Wíwó sì máa ń yá ju mímọ lọ. Ẹni tó bá wá ń di ẹrù kún ẹrù lásìkò náà, ó ń fa ewu lẹ́sẹ̀ ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìrora yìí sábà máa ń gbà yọjú. Bó bá tàn ká etí ojúgun lápá inú, tó ń dùn nígbà téèyàn bẹ̀rẹ̀ ìrìn, tó sì ń rọlẹ̀ bí ara bá gbóná, ìkìlọ̀ ni. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo téèyàn lè fi ìka tọ́ka sí, tó ń dùn lóru pàápàá, ó ṣeé ṣe kí egungun ti sán. Bí ẹsẹ̀ bá le gan-an, tó kú tipiri, tí ìsinmi kò sì mú un rọlẹ̀, ọsibítù ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Ìtọ́jú ti àkọ́kọ́ kò le: ẹ sọ ẹrù kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ wé omi dídì lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Kẹ̀kẹ́ gígùn tàbí odò wíwẹ̀ lè rọ́pò ìrìn. Bẹ́ ẹ bá padà, ẹ fi ẹrù fúyẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, nínú bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ. Ẹ má fi kún ìwúwo, ọ̀nà jíjìn àti ìyára pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Róòbù àti oògùn ara ríro lè pa ìrora, wọn kò lè so egungun. X-ray ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pàápàá lè má fi ibi tó sán hàn, nítorí náà, bí ìrora ojú kan náà kò bá lọ, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ìrora yìí pamọ́ kí wọ́n má baà pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ẹni tó bá sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì lónìí yóò tún gbé ẹrù lọ́la. Ẹni tó bá ń forí tì í, ọ̀pá ni yóò máa tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.