Róbọ́ọ̀tì Tí Kì Í Sọ̀rọ̀, ní Ìlú Elédè Púpọ̀

Ẹni tó bá jókòó pẹ́ díẹ̀ ní Monday Market ní Maiduguri yóò gbọ́ Kànúrí, Haúsá, Lárúbáwá àwọn Ṣúwà, Fúlàní, Búrà àti Mágì, kó tó wá kan Yorùbá tiwa. Omeife, róbọ́ọ̀tì tó rí bí obìnrin, tí ilé-iṣẹ́ Uniccon gbé jáde ní Àbújá ní oṣù Kejìlá 2022, gbọ́ Yorùbá, Haúsá àti Ígbò. Kànúrí kò sí lára èdè tí wọ́n kéde fún un. Èdè mélòó la fẹ́ kọ́ irin?

Àwọn kan gba ọ̀nà mìíràn: dípò ọ̀rọ̀ ẹnu, ìṣesí ara ni wọ́n fi ń jẹ́ ká mọ inú róbọ́ọ̀tì. Ẹ wo bí èyí ṣe lè ṣeé ṣe. Ní 1944, Fritz Heider àti Marianne Simmel, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fi fíìmù kúkúrú kan han ènìyàn 34: onígun mẹ́ta méjì, ńlá kan, kékeré kan, àti òbìrìkìtì kan tí wọ́n ń sáré kiri. Kò sójú, kò sẹ́nu. Ẹnì kan péré ló ní àwòrán lásán lòun rí. Lójú àwọn yòókù, ẹ̀dá alààyè ni wọ́n, tí ń bára wọn jà, tí ń sá fúnra wọn. Bí nǹkan ṣe yára tó, bó ṣe sún mọ́ni tàbí tó fà sẹ́yìn, ó ti tó láti sọ inú rẹ̀ fún wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kismet, orí onírin tí Cynthia Breazeal ṣe ní yunifásítì MIT ní ìparí ẹ̀wádún 1990, ṣe máa ń fà sẹ́yìn nígbà náà béèyàn bá sún mọ́ ọn jù.

Iṣẹ́ ọmọ wa ni MekaMon, róbọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí Silas Adékúnlé tí wọ́n bí ní Nàìjíríà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò ní ojú ènìyàn. Ìrìn àti ìmira rẹ̀ ni wọ́n fi fún un ní ìwà. Ó dé ilé ìtajà Apple ní 2017. Ó ṣeni láàánú pé ilé-iṣẹ́ wọn, Reach Robotics, kógbá sílé ní 2019.

Àmọ́ ara náà ní èdè tirẹ̀, tó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Lókè Ọya, ẹni tó ń ṣe jinjina fún ọba a máa na ìkúùkù sókè: ọlá ni, ṣùgbọ́n àlejò á rò pé ìjà dé. Róbọ́ọ̀tì tó sì tẹjú mọ́ àgbà, lójú àwọn òyìnbó tó ṣe é, ó ń fetí sílẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, àrífín gbáà ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní àwọn yunifásítì Maiduguri àti ní Ramat Polytechnic, bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú róbọ́ọ̀tì tó ń fi ara sọ̀rọ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ fi ìrìn rẹ̀ han àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn àgbà Kànúrí, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí, kẹ́ ẹ tó gbé e jáde.