Kọ̀ǹpútà Tí Kò Ní Pariwo Mọ́ Yín Létí
Fáànù ni olórí aláriwo inú kọ̀ǹpútà. Èmi tí mo máa ń ṣiṣẹ́ lóru, mi ò lè fara da èyí tó ń hó bí ẹ̀rọ ìlọta. Nítorí náà, bí mo bá dé Computer Village ní Ìkẹjà, ooru ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe eré.

Processor tó ń jẹ iná púpọ̀ ló ń mú ooru wá, ooru ló sì ń lé fáànù sáré. Ryzen 5 5600G tẹ́ mi lọ́rùn: wáàtì 65 ni wọ́n kọ fún un, ó sì lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀, ẹ ò ní ra káàdì àwòrán lọ́tọ̀. Owó dúró sápò, fáànù sì dínkù.

Ẹ má ra fáànù kékeré. Onímìlímítà 120 kò ní láti sáré tó onímìlímítà 80 kó tó fẹ́ atẹ́gùn kan náà. Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi rọlẹ̀. SSD ni kẹ́ ẹ fi sí i dípò hard disk, torí kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀.

Tòkunbọ̀ dára fún RAM, fún àpótí, àní fún processor pàápàá. Power supply ńkọ́? Tuntun ni kẹ́ ẹ rà, kó ní àmì 80 Plus, nítorí iná tó bá ṣòfò nínú rẹ̀, ooru ló ń dà. Ọlọ́jà yóò ní, “Àǹtí, ọ̀kan náà ni wọ́n.” Ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ kọjá.

Bí ẹ bá tò ó tán, ẹ wọ BIOS, kẹ́ ẹ ṣètò fáànù kó má sáré àfi tí ooru bá pọ̀. Ìyẹn ò ná yín ní kọ́bọ̀.